Ẹnjiníà Báyọ̀dé àti Yìnyín Tó Ń Jó

Bí ẹ bá ń ti Igando bọ̀, tí ẹ dé Egan, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ kófáróòlù aláwọ̀ ọsàn, tó dé akoto funfun, tó fi jígí dúdú bojú, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ibi iṣẹ́ tó ń lọ. Kò níṣẹ́ tó ń lọ. Ẹnjiníà Báyọ̀dé ni. Ìsìn ló ń lọ.

Ọmọ́níyì ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá fi pè é, onítọ̀hún ti di ọ̀tá. Ẹnjiníà ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín, ẹ fi "ti Òkun" kún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó ra mínírà fún yín, ẹ kì í báyìí: Báyọ̀dé ọkọ òkun, àna ọ̀sà, a-gbọ́-gbùù-kó-tó-dún, ọmọ a-fi-òòlù-kanlẹ̀-kí-gáàsì-jẹ́-hòo! Yóò ra mínírà náà. Yóò ní kí ẹ bá òun san án ná, ṣùgbọ́n yóò rà á.

Kí ló ṣe tó fi di ti òkun? Oṣù méjì àti ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí ọkọ̀ àwọn onímọ̀ kan tó ń wádìí ìsàlẹ̀ òkun, lọ́nà Bàyélsà lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀, òun ló mọ̀ ọ́n, òun àti àwọn abọ́ tó fọ̀.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ ọn, etí rẹ̀ là. Bó ṣe ń gbé tíì síwájú àwọn onímọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ó gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń fa ìbọn afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé ara rẹ̀ nínú omi, tí ìbọn ń dún gbùù, gbùù. Ó gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń lọ sísàlẹ̀, tó ń wọ ilẹ̀ abẹ́ òkun, tó ń kan ohun líle, tó ń padà wá sókè. Ó gbọ́ nípa okùn gbọọrọ kan, ó gùn ju láti Ìkòtún dé Igando lọ, tí wọ́n to etí sí lára bí ìlẹ̀kẹ̀, tó ń gba ohùn tó padà náà sílẹ̀. Inú ohùn yẹn ni wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ó gbọ́ pé yìnyín kan wà níbẹ̀ tí gáàsì há sí nínú. Èèyàn lè ṣáná sí i, kó máa jó.

Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í pariwo. Wọ́n fi ariwo sílẹ̀ fún Ẹnjiníà.

Akínlẹ́yẹ kò mọ nǹkan kan nípa òkun. Wẹ́dà ni, ó ń jórin lẹ́bàá títì ní Ìkòtún. Prámárì síìsì ló ti kúrò nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn, èyí tó kù náà bá bàbá lọ.

Ará Oǹdó ni bàbá. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́dún márùndínlógójì, gbogbo ohun tó rí níbẹ̀ ló fi kọ́ ilé yàrá mẹ́rin sí igun òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀. Iwájú ilé náà ni wọ́n sin ín sí. Akínlẹ́yẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ táìlì sórí sàréè, òun ló jó irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á gbálẹ̀ ibẹ̀. Á gbálẹ̀, á lọ.

Ẹ wá wò ó, ilé igun. Ẹni tó bá mọ Egan mọ ohun tí ilé igun ń jẹ́. Pásítọ̀ ń wò ó, oníṣòwò ń wò ó. Ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo ti ń wo ti Bàbá Akin láti ìgbà tí bàbá ti wà láàyè. Bàbá ní òun ò tà. Bàbá kú tán, ọkùnrin náà lọ kí Ẹnjiníà Báyọ̀dé. Ohun tí wọ́n jọ sọ, a ò sí níbẹ̀. Ẹ ṣá wo ohun tó tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, Ẹnjiníà wọlé dé. Ó gbé òòlù ńlá lé èjìká, ó gbé páànù irin sábẹ́ abíyá, ó kó wáyà bí ìfun ẹran sọ́rùn, ó sì di kọ̀ǹpútà kan mú tí ìdajì bọ́tìnnì rẹ̀ ti ká bí eyín arúgbó.

"Ìyá Akin, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere." Ó fimú fa atẹ́gùn. "Ṣé ẹ gbọ́ òórùn yẹn?"

"Òórùn kí ni, Ẹnjiníà?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ. Kò burú. Kì í ṣe gbogbo imú ló lọ sílé ìwé."

Kí ìyá tó dáhùn, ó ti ń gbẹ́lẹ̀. Ihò mẹ́rin ló gbẹ́ yí ilé ká. Ọ̀kan kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ sí sàréè. Ó ki etí wáyà bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ páànù irin sílẹ̀, ó wá na òòlù sí Akínlẹ́yẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìgbálẹ̀ kọ́gi.

"Ìwọ wẹ́dà, gbá a. Lórí omi, ìbọn la máa ń yìn. Níbí, òòlù ti tó."

Akínlẹ́yẹ gbá a. Gbùù! Adìyẹ sá. Ó tún un gbá. Àwọn ìlà kan ń gbọ̀n lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnjiníà wò wọ́n, ó ká ọwọ́ lérí akoto.

"Yéè! Mo gbé! Ẹ sún mọ́ ibí. Ìlà òkè yìí, ojú ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí tòkè ṣe tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tìsàlẹ̀ tẹ̀, bí òjìji. Tí a bá ti rí ìlà òjìji yìí lórí ọkọ̀, ìdúró ni mo máa ń wà!"

Kò parọ́ níbẹ̀. Àwọn tó jókòó ló ń gbé tíì fún.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" ni Ìyá Akin bèèrè.

"Yìnyín oníná ló wà lábẹ́ ilé yín. Gáàsì wà lábẹ́ yìnyín. Ọjọ́ tó bá bú, láti ibí dé Akesan, eérú."

"Yìnyín? Ní Egan? Níbi tí NEPA ò ti jẹ́ kí omi tutù nínú fíríìjì?"

"Màámi, sáyẹ́ǹsì kì í dúró de NEPA." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. "Ẹ fi ilé náà sílẹ̀ fún mi. Ohun tí mo bá rí, mo máa fún yín. Kò ní pọ̀, nítorí ta ló ń fi owó ńlá ra ikú? Èmi ò lérè kankan níbẹ̀ o. Àánú yín ló ń ṣe mí."

"Bàbá Akin ńkọ́?"

"Bàbá? A máa hú wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni jàre."

Akínlẹ́yẹ sọ òòlù sílẹ̀. "Bàbá mi ò lọ síbì kankan."

"Ọmọ yìí, ìwé mélòó lo kà?"

"Prámárì síìsì."

"Ẹ gbọ́! Prámárì síìsì ló ń bá òkun jiyàn." Ẹnjiníà kó wáyà rẹ̀, ó lọ. Kò dí ihò kankan.

Kó tó di ọjọ́ Tọ́sìdeè, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ará Alímòṣọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ gáàsì ṣeré. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fa omi kànga rí tó ń rùn bíi kẹrosíìnì. Àwọn kan ti rí ibi tí páìpù epo ti bú, wọ́n sì mọ iye èèyàn tí wọn ò rí kó níbẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ìdí nìyẹn tí Ẹnjiníà fi fẹ́ràn rẹ̀: ó ti hó tán kó tó dé, ó kàn ṣí ìdérí ni.

Àwọn ará ilé kejì gbé àdògán lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn ní Ìpájà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ọbẹ̀ bọ̀ láràárọ̀. Ìyá Jésùtóbi, tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, tó sì ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà lójúde rẹ̀, fi agogo yí ilé Ìyá Akin ká nígbà méje, ó sì kọ̀ láti dé ìgbà kẹjọ nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ òun ń jìn sí ihò.

Àlàájì Yésúfù, alága ẹgbẹ́ onílé, wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò lè wo ojú opó.

"Ìyá Akin, ẹ má bínú sí mi. Ọgọ́ta ilé ló wà ládùúgbò yìí. Ní Sátidé, gbogbo onílé máa pàdé níbí. Ẹnjiníà ní òun máa kó ẹ̀rí wá. Tí ẹ̀rí bá wà, àfi kí ẹ buwọ́ lùwé, kí ẹ kó jáde kí oṣù tó parí."

"Kí n kó jáde kí n gbé ọkọ mi dání, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Àlàájì wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn." Ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Tíṣà Ìbíyẹmí yà sọ́dọ̀ wọn. Ará Èkìtì ni, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìntì. Ó jókòó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Akin, yìnyín yẹn wà lóòótọ́ o. Bí wọ́n ṣe ń fi ohùn wá a náà, òótọ́ ni. Ibi tí ọ̀gbẹ́ni yìí gbé e sí ló ti parọ́."

"Báwo, mà?"

"Òtútù ló ń mú un dúró, òtútù àti ìwúwo omi. Omi tó jìn tó ilé alájà ọgọ́rùn-ún ní láti wà lórí rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí o bá gbé e wá sí Egan yìí, á yọ́ kó o tó pe Jésù. Gáàsì á lọ, omi á kù. Omi lásán, tó mọ́."

"Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé."

"Mo máa sọ ọ́." Tíṣà dá gíláàsì rẹ̀ padà sójú. "Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn èèyàn wa. Ẹ̀rù kì í kàwé."

Sátidé pé. Wọ́n to àga oníke sójúde, ní iwájú sàréè. Ẹnjiníà ló ní ibẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, ó ní ibi tó ń dunni la ti ń fọwọ́ kàn. Ó dé ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti jókòó, kí wọ́n lè rí i nígbà tó ń bọ̀. Kófáróòlù, akoto, jígí. Ó gbé kúlà aláwọ̀ aró kan dání. Ó tún wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà yẹ́lò gùn dé ìgúnpá. Ìbọ̀wọ́ yẹn nìkan ni irinṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò lórí ọkọ̀ lóòótọ́.

Tíṣà kò jẹ́ kó jókòó. "Ẹnjiníà, ìbéèrè kan ṣoṣo. Òkun ní láti wà lórí yìnyín yẹn kó tó lè dúró. Òkun wo ló wà lórí Egan?"

"Òkun àtijọ́!" ni Ẹnjiníà dá a lóhùn wàrà. "Abẹ́ òkun ni gbogbo ibí yìí tẹ́lẹ̀. Òkun ti lọ, ìwúwo rẹ̀ ló kù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn pàtẹ́wọ́. Òkun kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó gbàgbé ìwúwo sílé.

"Ìwúwo ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́?" ni Tíṣà wí.

"Mà, ẹ ti fẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ kí ọpọlọ náà sinmi."

"Háà!" ni àwọn kan wí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a wí. Ẹni tó ń bẹ̀rù iná kì í bá oníná jà.

Ẹnjiníà ṣí kúlà. Ó gbé àwo páànù kan jáde, òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ eérú wà nínú rẹ̀. Ó bu yìnyín lé e lórí. Ohun tó wà nínú àwo bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì, ṣìì.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ó ń mí! Lánàá, nígbà tí Ìyá Akin lọ sọ́jà, mo ti irin bọ inú ihò ẹ̀gbẹ́ sàréè yìí. Yìnyín yìí ni mo fà jáde. Òkúta wẹ́wẹ́ yìí bá a wá láti ìsàlẹ̀. Tó bá jó tán, omi ló máa kù sínú àwo, ó mọ́ ju omi inú ọ̀rá lọ. Èmi fúnra mi ń mu ún lórí ọkọ̀. Ife mẹ́ta láàárọ̀! Ẹ wo bí ara mi ṣe ń dán."

Wọ́n wo ara rẹ̀. Ó ń dán lóòótọ́. Oòrùn mú, kófáróòlù nípọn.

"Ta ló máa ṣáná sí i? Èmi ò ní ṣe é, kí ẹnì kan má baà ní mo pidán." Ojú rẹ̀ lọ kiri, ó bà lé ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró ti irin ọgbà sàréè. "Ọmọ olóògbé! Wá. Wẹ́dà ò bẹ̀rù iná. Kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ó ṣáà lọ́wọ́."

Nínú gbogbo ogunlọ́gọ̀ tó wà níbẹ̀, tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba, oníṣọ́ọ̀bù, ẹni tó yàn nìyẹn. Ẹ dákun, ẹ máa ṣe sùúrù fún ọlọ́gbọ́n.

Ìyá Akin di ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ mú. "Akin, má lọ."

Akínlẹ́yẹ rọra já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó dé ìdí àwo, ó bẹ̀rẹ̀. Òórùn náà gbá a nímú.

Òórùn bí aáyù tó ti bàjẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n ju òórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń bá a wọlé láràálẹ́, nínú irun, nínú èékánná. Kábáìdì ni. Òkúta tí àwọn wẹ́dà máa ń da omi lé lórí nínú sílíńdà, tó ń yọ gáàsì tí wọ́n fi ń jórin.

Ó gbójú sókè wo Ẹnjiníà. Ẹnjiníà ń rẹ́rìn-ín sí ogunlọ́gọ̀. Akínlẹ́yẹ fa ìṣáná yọ lápò. Ó ṣáná.

Fàà! Iná ràn. Iná pupa, èéfín dúdú ń fò lórí rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Yìnyín ń jó! Àga wó. "Jáà! Mímọ́! Mímọ́!" Agogo Ìyá Jésùtóbi ń dún ju ti ilé ìwé lọ. "Lá iláha illalláhù!" Àlàájì Yésúfù ti dé gẹ́ètì, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà nídìí àga. Ẹnì kan bẹ́ gba orí fẹ́ǹsì, ó gbàgbé ìyàwó rẹ̀.

Ẹnjiníà na apá méjèèjì. "Ẹ ti rí i àbí ẹ ò tíì rí i? Mo sọ ọ́ tàbí mi ò sọ ọ́?" Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó fi bírò lé e. "Àlàájì, ẹ padà wá. Ìyá Akin, ibí yìí ni kí ẹ fọwọ́ sí. Kíá, kó tó bú!"

Àlàájì ń tiro padà wá. "Ìyá Akin, ẹ ti rí i lójú ara yín. Ẹ ṣàánú wa."

Ìyá Akin gba bírò. Ó wo sàréè, ó wo ìwé. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, kò lè kà á. Ó fi ẹnu bírò kan ìwé.

"Màámi, ẹ dúró," ni Akínlẹ́yẹ wí. "Ẹ jẹ́ kó jó tán."

"Kó jó tán kẹ̀?" ni Ẹnjiníà pariwo. "O fẹ́ pa wá ni?"

"Ẹ ní omi ló máa kù. Ẹ jẹ́ ká rí omi náà."

"Kò pọn dandan. Gbé e fún mi, ó gbóná." Ẹnjiníà na ìbọ̀wọ́ yẹ́lò sí àwo. Akínlẹ́yẹ fi bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tẹ etí àwo mọ́lẹ̀.

"A máa dúró."

Wọ́n dúró. Ẹ̀rù ti ń fún ìfẹ́ ìran láyè díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó sá padà sún mọ́ ibẹ̀. Iná rẹlẹ̀, ó kéré, ó kú. Gbogbo wọn na ọrùn.

Kò sí omi tó mọ́. Ohun funfun kan ló wà níbẹ̀, ó ki, bí ògì tí wọ́n pò, tí wọ́n wá gbàgbé láti rò.

"Ẹnjiníà, omi dà?"

"Òun nìyẹn. Omi ni."

"Ó funfun."

"Omi ìgbàanì ni. Ó ti dàgbà. Ó ti hewú."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀kan péré. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà gbọ́ ọ, ó sì tún akoto rẹ̀ ṣe.

Ìyá Akin fi bírò sílẹ̀. Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ife kan. Ife oníke, ó mọ́ tónítóní. Ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Akínlẹ́yẹ fi bu ohun funfun náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ẹnjiníà, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ mu ún, sà."

"Mo... mo ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ kẹ̀?" ni Ìyá Jésùtóbi wí. "Ẹnjiníà, ààwẹ̀ wo? Búrẹ́dì àti ẹ̀wà tẹ́ẹ jẹ lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí, tẹ́ẹ tún ní kí n fi epo sí i, ta ló jẹ ẹ́?"

Ẹ̀rín bú.

"Dọ́kítà ní kí n jìnnà sí ohun tútù!"

"Kò tutù mọ́, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán ni."

"Ẹnjiníà," ni Àlàájì Yésúfù wí, ohùn rẹ̀ ti le díẹ̀, "ẹ mu ún ká ríbi lọ. Ife mẹ́ta lẹ ń mu láàárọ̀, ẹ fi ọ̀kan ṣe wá lálejò."

Ẹnjiníà kò mu ún.

"Kábáìdì ni," ni Akínlẹ́yẹ wí. "Mo fi ń jórin lójoojúmọ́. Ohun tó máa ń ṣẹ́kù nìyẹn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù la máa ń dà á sí." Ó ti pẹ́ tó sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú kúlà, ó mú yìnyín tó kù níbẹ̀. Ó gbé e lé orí àga lásán. Ó ṣáná sí i. Ìṣáná kú. Ó ṣá òmíràn. Ó kú. Ó ṣá ẹ̀kẹta. Omi kán sí i, ó ní fìì.

"Yìnyín oníná ti ń paná o!" ni ẹnì kan ké.

Tíṣà Ìbíyẹmí tẹ̀ síwájú, ó gbé yìnyín náà sókè sí ojú oòrùn. Ọ̀rá omi díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sún gíláàsì rẹ̀ sókè, ó kà á bó ṣe máa ń ka orúkọ ọmọ nínú kíláàsì.

"Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Ẹ wò ó. Òkun ìgbàanì ti lọ forúkọ sílẹ̀."

Àwọn obìnrin di ara wọn mú. Àwọn ọkùnrin ń gbá itan. Ẹnjiníà na ọwọ́ sí ìwé tó wà lórí àga, ṣùgbọ́n ọwọ́ Tíṣà ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Ó kà á sí ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ó ní Ìyá Akin ta ilé yìí fún Ọmọ́níyì Báyọ̀dé. Ó ní Ọmọ́níyì Báyọ̀dé yóò wó o. Ó ní ilé epo ni wọ́n máa kọ́ síbẹ̀."

Ẹ̀rín dá. Ó dá bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ.

Àlàájì Yésúfù súnmọ́ ọn, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. "Ilé epo? Lórí gáàsì? Ẹ̀yin lẹ ní láti ibí dé Akesan, eérú. Gáàsì nísàlẹ̀, ẹ fẹ́ da pẹ́tíróòlù lé e lókè? Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?"

Ẹ ṣàkíyèsí i. "Ẹ" ti lọ. "O" ló dé.

"Àlàájì, ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì... ó jinlẹ̀..." Ẹnjiníà ń fà sẹ́yìn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wọ inú ihò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Ó rì dé orúnkún. Akoto fò lọ. Jígí bọ́. Òwe kan wà fún irú èyí. Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

"Ẹnjiníà, kí lẹ rí nísàlẹ̀?" ni ẹnì kan bèèrè. "Ṣé ìlà òjìji ṣì wà níbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi há!"

"Gbùù!" ni àwọn èèyàn dáhùn. "Gbùù! Gbùù!"

Akínlẹ́yẹ ló fà á jáde. Ó fà á láìrọra, ṣùgbọ́n ó fà á. Àlàájì yí sí opó, ó wò ó lójú, ìgbà àkọ́kọ́ láti Tọ́sìdeè.

"Ìyá Akin, ẹ foríjì wá. Ẹ sọ ohun tẹ́ẹ fẹ́. Ṣé ká pe ọlọ́pàá?"

"Ọlọ́pàá?" Ìyá Akin mi orí. "Kí wọ́n wá sọ pé kí n ra bírò àti pépà tí wọ́n máa fi kọ ọ́? Rárá. Akin, bá a gbé ṣọ́bìrì."

Akínlẹ́yẹ gbé ṣọ́bìrì wá.

Kò sẹ́ni tó lọ sílé. Àwọn tó gbé àdògán lọ Ìpájà pàápàá ti gbé e dé. Wọ́n yí àga padà kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ẹnjiníà ti Òkun dí ihò kìíní, wọ́n ń wò ó. Ó dí ìkejì, wọ́n ń bi í bóyá ìwúwo òkun àtijọ́ ló jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ wúwo bẹ́ẹ̀. Ó dí ìkẹta, kófáróòlù ti di aláwọ̀ erùpẹ̀. Ìyá Jésùtóbi ní kí wọ́n fún un lómi mu, wọ́n sì fún un, omi inú ọ̀rá. Ó mu ún. Èyí, ó mu ún.

Ó ku ihò ẹ̀gbẹ́ sàréè. Ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ìyá Akin jókòó sórí táìlì, ó fẹ̀yìn ti irin tí ọmọ rẹ̀ jó. Akínlẹ́yẹ dúró tì í. Ẹnjiníà ń da iyẹ̀pẹ̀ sínú ihò, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó kún, ó gbójú sókè. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Màámi, ṣé ó ti tó?"

Ìyá Akin wo ilẹ̀ náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú ilẹ̀, láti etí táìlì títí dé ibi tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà dúró sí.

"Kò tíì tó. Ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́jú."